Àtàǹpàkò Lẹ́nu Rọ́bà

Ọkùnrin kan wà tí ó ń to ọkọ̀ eré ìje. Á ra ìkarahun ọkọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ti pa tì, á tú u palẹ̀, á fọ gbogbo irin inú rẹ̀, á sì tún un tò títí yóò fi máa sáré ju bí ó ṣe ń sáré nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é lọ. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Mo fẹ́ kí o fi èyí sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀, Oyèláràn, nítorí bí mo bá jẹ́ kí o rò pé òpònú ni ọkùnrin náà, wàá ní ìtàn yìí kò kàn ọ́.

Mo mọ ohun tí o bá wá. Ẹbí yín ti jókòó, ẹ ti yan ẹni tí yóò máa tọ́ ọmọ mẹ́ta tí àbúrò rẹ kú fi sílẹ̀, ìwọ olórí ẹbí sì fẹ́ kí n ṣe àmín sí i kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Àmín náà kò tíì jáde lẹ́nu mi. Jókòó dáadáa kí o gbọ́ àkàwé yìí ná.

Ọkùnrin yìí ní àbúrò kan, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ń to ọkọ̀, àbúrò ń wà á. Bàbá wọn ti kú tipẹ́, ìyá wọn nìkan ló kù, ìyá náà kò sì fẹ́ràn eré yìí rárá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti dàgbà kò ṣeé so mọ́lẹ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń lọ sí pápá, ìyá á jáde sí ẹnu ọ̀nà. Kì í bá àbúrò sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ni yóò kọjú sí, á ní, "Ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí o. Bí o ṣe mú un lọ, mú un padà." Ẹ̀gbọ́n á ní, "Mo gbọ́, Ìyá." Ó ti di àṣà láàárín wọn, bí ẹni ń kí ara wọn. Bí a bá sì ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan léraléra báyìí, ó máa ń tó àkókò kan tí etí kò ní gbọ́ ọ mọ́.

Pápá tí mo wí yìí, ọkọ̀ òfúrufú ni ó máa ń balẹ̀ síbẹ̀ nígbà kan rí. Nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú kò balẹ̀ síbẹ̀ mọ́, àwọn eléré ìje gbà á. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń pé jọ síbẹ̀. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó gùn tó sì tọ́, ní ìparí rẹ̀ ọ̀nà náà yà sí ọ̀tún, ilé ńlá tí wọ́n ń kó ọkọ̀ òfúrufú sí tẹ́lẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Òrùlé rẹ̀ ti ṣí lọ. Ògiri rẹ̀ wà digbí.

Ní gbogbo ọdún tó ti kọjá, ọkọ̀ tó ń fi kábúrétọ̀ mu epo ni ẹ̀gbọ́n ń tò. Kábúrétọ̀ kò le láti bọ́. Bí ife ló rí; pọ́ǹpù ń da epo sí i, ẹ́ńjìnnì ń mu ún níbẹ̀. Bí pọ́ǹpù bá ṣáà ti lè da epo púpọ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mo ń sọ yìí, ó to ọkọ̀ kan tó jẹ́ pé nọ́sù ló ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nọ́sù yàtọ̀. Ihò rẹ̀ kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, epo sì gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ jáde bí ìrì. Kí ìyẹn tó lè ṣẹlẹ̀, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ ti epo náà gidigidi, epo tí kò rí ibi gbà á sì máa ti pọ́ǹpù padà. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré sí i ni yóò máa bèèrè epo sí i. Ibi tí ó ti ń bèèrè jù lọ gan-an ni kò gbọdọ̀ ti rẹ pọ́ǹpù. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní rọra kú bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ. Iná inú rẹ̀ á gbóná kọjá ààlà, á yọ́ irin.

Ẹ̀gbọ́n mọ gbogbo èyí. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi níbi tí ó ti ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn.

Ó wá ku kí ó ra pọ́ǹpù. Irú èyí tí wọ́n ń so sí ojú ọ̀nà epo lábẹ́ ọkọ̀ ló ń wá, èyí tí kì í gbé inú táńkì. Òun àti àbúrò rẹ̀ jọ lọ sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀.

Èmi á sọ ìwà àwọn eléré ìje fún ọ. Ohunkóhun tí o bá kó méjì rẹ̀ síwájú wọn, wọn á fi sáré. Mo ti bá wọn níbi ìkómọ tí wọ́n ń fi mímu ẹ̀kọ gbígbóná díje, tí ọ̀kan nínú wọn sì bó ní ahọ́n. Nítorí náà, bí wọ́n bá dé ọjà, wọn kì í yan pọ́ǹpù bí ènìyàn ṣe ń yan nǹkan. Sísáré ni wọ́n ń mú un sáré. Ọlọ́jà á gbé garawa òfìfo méjì kalẹ̀, á so pọ́ǹpù méjèèjì mọ́ bátìrì, á ti ẹnu rọ́bà kọ̀ọ̀kan bọ garawa tirẹ̀, gbogbo ọjà á sì pagbo. Èyí tó bá kọ́kọ́ mú garawa kún ló borí. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Òun ni wọn á dì fún oníbàárà. Bàbá ọlọ́jà náà bá àṣà yìí láyé, kò sì sí ẹni tó bi í rí bóyá garawa ni pọ́ǹpù ń da epo sí nínú ọkọ̀.

Pọ́ǹpù méjì ni ó kù tó bá ohun tí ẹ̀gbọ́n ń wá mu. Ọ̀kan fúyẹ́, ó ń dán. Èkejì wúwo, ara rẹ̀ rí ràkọ̀ràkọ̀. Wọ́n so wọ́n, ọlọ́jà fi iná sí wọn. Èyí tó ń dán ń tú epo jáde bí ẹni ń dà á nù. Kí èkejì tó kọjá ìdajì garawa tirẹ̀, tàkọ́kọ́ ti kún, ó ń ṣàn sílẹ̀. Ariwo ta. Wọ́n ń gbá ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló sáré.

Wọn kò tíì pa iná nígbà tí àbúrò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Aláwàdà ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Ó fa rọ́bà èyí tó borí jáde, ó fi àtàǹpàkò dí i lẹ́nu. Epo náà dúró. Pọ́ǹpù náà ń kùn nísàlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu, kò rí nǹkan kan ṣe sí àtàǹpàkò náà. Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó jù ú sílẹ̀, ó mú èkejì. Ó fi àtàǹpàkò dí ìyẹn náà. Èyí kò gbà fún un. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ kejì ràn án lọ́wọ́, epo ṣáà ń wá ọ̀nà gba abẹ́ ìka rẹ̀, ló bá fọ́n jáde, ó sì rin gbogbo àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn ni, ìyá wọn ló rà á fún un.

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ó pàdánù tán, ó wá ń bínú."

Àbúrò ń gbọn aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, èyí ò gbà kí n dí òun lẹ́nu o."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ta ló rán ẹ? Ṣé torí ká lè máa dí i lẹ́nu la ṣe fẹ́ rà á? Wo ṣẹ́ẹ̀tì tí Ìyá rà fún ẹ."

Ṣùgbọ́n nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tó yá pé nǹkan kan sọ sí òun lọ́kàn. Ìmọ̀ tó ní nípa nọ́sù, pé yóò máa ti pọ́ǹpù padà, ó dìde nínú rẹ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọlọ́jà sì ti mú bébà lọ́wọ́, ó ní, "Ọ̀gá, èyí tó borí ni kí n dì, àbí?" Gbogbo ojú yí sí ẹ̀gbọ́n. Àwọn àgbà wa wí pé ẹni a bá ń bá nájà là á wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ẹ̀gbọ́n wo ariwo. Láàárín àwọn eléré ìje, ta ni yóò gbé ẹni tó gbẹ̀yìn lọ sílé, tí wọ́n á sì máa pòwe rẹ̀ títí ọdún yóò fi yí po?

Ó ní, "Èwo ni o tún fẹ́ dì?"

Ọlọ́jà dì í fún un. Wọ́n lọ sílé, àbúrò ń rùn epo bẹntiróòlù, inú àwọn méjèèjì ń dùn.

Ẹ̀gbọ́n so pọ́ǹpù náà sábẹ́ ọkọ̀, ó so ó dáadáa. Kò sí àbùkù nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ jáde láti dán an wò, ó ń lọ mìnìjọ̀. Ní ìrìn jẹ́jẹ́, kò sí ọkọ̀ tó dà bí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọ̀nà dá, àbúrò tẹ̀ ẹ́ dé ìparí, abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn agbára tí epo fi ń lọ sínú nọ́sù sì ń lọ sílẹ̀. Ó padà wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ pátápátá, ó ń ṣe bí ẹni pé èémí ń tán nínú ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó tú asẹ́ epo, ó fi tuntun sí i. Abẹ́rẹ́ ṣì ń lọ sílẹ̀. Ó tú gbogbo nọ́sù, ó fọ̀ wọ́n mọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò yí padà. Ó ní epo tí wọ́n rà ló lábùlà, ó dà á nù, ó lọ ra òmíràn ní ibòmíràn. Bákan náà ni. Kò fọwọ́ kan pọ́ǹpù. Gbogbo ojú ló rí i tí pọ́ǹpù náà borí, báwo ni yóò ṣe wá jẹ́ òun ni? Àbúrò náà kò dárúkọ pọ́ǹpù, torí òun náà wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, òun náà sì pàtẹ́wọ́.

Níkẹyìn, ẹ̀gbọ́n ní géèjì ni kò sọ òtítọ́. Ó ní ó ń kó àbúrò òun lọ́kàn sókè lásán. Ó yọ ọ́, ó fi nǹkan dí ojú ihò rẹ̀.

Ìwọ gbọ́ ohun tí mo sọ yẹn, Oyèláràn. Ohun kan ṣoṣo tó kù nínú ọkọ̀ náà tó ń sọ òtítọ́ fún un, ó yọ ọ́ kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Ọjọ́ eré pé. Ìyá jáde sí ẹnu ọ̀nà. "Ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí o. Bí o ṣe mú un lọ, mú un padà." Ẹ̀gbọ́n ń wá akoto àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, kò gbé orí sókè. Ó ní, "Mo gbọ́, Ìyá."

Ní ìsáré àkọ́kọ́, àwọn ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà, kò sí àyè láti sáré dé góńgó. Àbúrò gba àárín wọn kọjá. Ó wa ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn bí mi ò ṣe rí i kí ó wà á rí, mo sì ti ń wo ọmọ náà láti ìgbà tó ti ń ti táyà lójú títì. Nígbà tí ó di ìsáré ìkẹyìn, ọkọ̀ díẹ̀ ló kù. Ọ̀nà dá. Ẹ̀gbọ́n lọ dúró sí ìparí ọ̀nà gígùn náà, nítòsí ilé ọkọ̀ òfúrufú, kí ó lè rí i bí yóò ṣe borí.

Ó rí i tó ń bọ̀. Àbúrò ti tẹ ọkọ̀ náà dé ìparí. Etí ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ mọ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì náà tínrín, ó le, ó ń gòkè sí i, ẹni tí kò mọ̀ á ní ó dùn. Ẹ̀gbọ́n mọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń kígbe pé kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ ọ? Lẹ́yìn náà ni ohùn yẹn dákẹ́ lójijì. Irin gbé irin mì nínú ẹ́ńjìnnì, ó há, táyà ẹ̀yìn kò yí mọ́. Ọkọ̀ náà dábùú. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ lọ títí ó fi bá ògiri.

Wọ́n gbé àbúrò dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ọmọ náà kú. N kò ní ọ̀nà míràn tí mo lè gbà sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n tú ẹ́ńjìnnì. Iná ti dá ihò sí písítìnì méjì, irin náà yọ́ bí òrí tí a gbàgbé sínú oòrùn. Ó wá tú pọ́ǹpù jáde lábẹ́ ọkọ̀. Ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó so ó mọ́ bátìrì, ó gbé garawa sábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ó ń gbàdúrà pé kí pọ́ǹpù náà ti bàjẹ́, kí ó lè rí nǹkan dá lẹ́bi. Pọ́ǹpù náà kò bàjẹ́. Ó mú garawa kún kíákíá, bí ó ṣe mú un kún lọ́jà. Ẹ̀gbọ́n fa rọ́bà náà jáde, ó fi àtàǹpàkò dí i lẹ́nu, ó dúró. Ibẹ̀ ni mo bá a. Ó jókòó sílẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ lẹ́nu rọ́bà, pọ́ǹpù ń kùn. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí agbára fi tán nínú bátìrì.

Ó wá ku ìyá. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ó ń ṣa aṣọ ọmọ rẹ̀ jọ, torí mo lọ bá wọn jókòó. Ó yọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn náà. Ó ti fọ̀ ọ́ rí, ó ti sá a sóòrùn, òórùn rẹ̀ kò lọ. Ó gbé e sí imú. Ó bi ẹ̀gbọ́n pé, "Kí ló dé tí aṣọ yìí ń rùn epo? Èyí kọ́ ló wọ̀ lọ sí pápá."

Ẹ̀gbọ́n ì bá ti purọ́. Kò sí ẹni tí yóò já a. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ó sọ ti ọjà, ti garawa méjèèjì, ti àtàǹpàkò, ti bí epo ṣe fọ́n sí ọmọ náà láyà tí gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó sọ ti géèjì. Ó sọ ọ́ tán, ó wólẹ̀ síbẹ̀.

Ìyá náà ká ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Ó ní, "Ó fi hàn ọ́."

Kò ṣépè. Mo rí ojú ọkùnrin náà. Ó ń retí èpè, ì bá sì dùn mọ́ ọn ju èyí lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀gbọ́n bá ń jáde, ìyá kì í wá sí ẹnu ọ̀nà mọ́.

Ẹ̀gbọ́n kò to ọkọ̀ mọ́. Bí o bá lọ sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ lónìí, ó ṣeé ṣe kí o rí i. Bí wọ́n bá ti pagbo, tí garawa méjì wà nílẹ̀, á gba àárín wọn wọlé, á sì máa fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà. Wọ́n ń fi í sílẹ̀. Wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n. Bí ó bá ti ṣe tirẹ̀ tán, tó kọjá, wọn á da epo padà, wọn á tún un bẹ̀rẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ kún ni wọn á gbé relé. Mo ti wàásù fún wọn. Wọ́n ń pè mí ní Bàbá, wọ́n ń gbé àga fún mi, garawa wọn wà níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀.

Ó ku ìwọ.

Oyèláràn, ẹ ti yan Kọ́ládé. Mo mọ Kọ́ládé. Bí ilé bá ń dùn, kò sí ẹni tó dà bí rẹ̀. Òun ló ń pín ẹran, òun ló ń gbé ọmọ ọlọ́mọ lé èjìká, gbogbo ọmọdé agbo ilé yín ló ń sáré pàdé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ sin àbúrò rẹ, ẹkún tirẹ̀ ló rinlẹ̀ jù, ó sì dìde níwájú ẹbí ó ní ọmọ òun ni àwọn ọmọ náà láti òní lọ. Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. N kò sọ pé irọ́ ló pa. Pọ́ǹpù yẹn náà kò purọ́, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló fi sínú garawa.

Ṣùgbọ́n gbogbo oṣù tí àbúrò rẹ fi wà lórí àìsàn, lẹ́yìn tí ìyá àwọn ọmọ náà ti ṣáájú rẹ̀ lọ, ta ló ń gbé e dìde? Kọ́ládé wá, ó mú ọsàn wá, ó pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ sí rùn, mo wá a tì. Morádékẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ló ń fọ aṣọ ẹ̀gbin, tí ojú rẹ̀ le bí ògiri, tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Bí ó ti ń le sí i fún un ni ó ń dúró sí i. Ẹ rí i. Ojú gbogbo yín ló ṣe.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Morádékẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó ní ta ni yóò jí nígbà tí èémí bá tún há èyí àbígbẹ̀yìn lọ́fun. Ó bi yín pẹ̀lú ìbínú, ọ̀rọ̀ náà sì ta sí gbogbo yín lára. Ẹ ní ẹnu rẹ̀ mú jù. Ẹ ní irú obìnrin báyìí ni yóò tọ́ ọmọ? Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ nu aṣọ yín, ẹ dì Kọ́ládé fún àwọn ọmọ náà.

Ọmọ títọ́ kì í ṣe garawa. Ní ọjọ́ tí nǹkan bá rọrùn, gbogbo ènìyàn ló lè tọ́ ọmọ. Wo ọjọ́ tí ọmọ yóò ti ẹni tó ń tọ́ ọ padà: ọjọ́ àìsàn, ọjọ́ olè, ọjọ́ tí yóò sọ fún un pé ìwọ kọ́ ni bàbá mi. Ọjọ́ náà ń bọ̀ fún ọmọ mẹ́ta yìí, Kọ́ládé yóò sì dákẹ́. Kò ní jẹ́ ìkà. Á kàn dákẹ́ ni, bí epo ṣe dákẹ́ lábẹ́ àtàǹpàkò. Kì í sì í ṣe Kọ́ládé ni yóò bá ògiri.

N kò retí pé wàá yí i padà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa àkàwé, mo sì mọ ojú ẹni tó ti pinnu kí ó tó wọlé. Wàá ní wọ́n ti kó ẹrù àwọn ọmọ náà, wàá ní kí ni ẹbí yóò wí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, mo sì ń wò ó báyìí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n má ṣe àmín.

Kí o tó lọ, rántí pé mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ fẹ́ kú. Ìwọ ló ranjú mọ́. Ó ní ọwọ́ rẹ ni òun fi wọ́n sí. O ní o gbọ́.